Ojú Ọ̀run Wa Kì Í Ṣe Ti Ìwé: Ọ̀rọ̀ Lórí Yíya Fọ́tò Ilẹ̀ àti Ìràwọ̀ ní Òru

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin tí ẹ gbé kámẹ́rà kọ́rùn àti ẹ̀yin tí fóònù nìkan ni ẹ ní. Fóònù náà tó bẹ̀rẹ̀. A máa dé ibẹ̀. Kí n tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má bàa bi mí ní iye tí mò ń gbà fún ìgbéyàwó: èmi kì í ṣe onífọ́tò iṣẹ́. Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun kò kan kámẹ́rà rárá. Kò sẹ́ni tó ń sanwó fún mi kí n máa jókòó sórí àpáta láago mẹ́ta òru. Èmi gan-an ni mò ń san án, ẹ̀fọn ló sì ń gbà á.

Lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀, fídíò ni mo wò, bí gbogbo yín ṣe wò ó. Ọkùnrin kan nílẹ̀ òyìnbó, tí òtútù mú débi pé ẹnu rẹ̀ ń yọ èéfín, ní kí n wá ìràwọ̀ àríwá tí wọ́n ń pè ní Polaris. Ó ní kí n kọjú kámẹ́rà sí i, kí n máa yà á lọ fún wákàtí kan, pé gbogbo ìràwọ̀ yòókù á máa yí i po bí oníjó ṣe ń yí onílù po. Mo gbé kámẹ́rà tòkunbọ̀ mi, mo gun òkè Adó-Àwáyè pẹ̀lú ọ̀rẹ́ mi kan àti ọdẹ kan tí àwọn ará ìlú fi tì wá. A jókòó nítòsí Ìyákẹ́, adágún omi tó wà lórí àpáta níbẹ̀. Mo gbójú sókè, mo ń wá Polaris níbi tí ó wà nínú fídíò. Mo wá a títí. Ọdẹ wa ní, "Ọ̀gá, kí lẹ sọnù?" Mo ní ìràwọ̀ kan ni. Ó wo ojú ọ̀run, ó wò mí, ó ní, "Nínú gbogbo eléyìí?"

Polaris wà níbẹ̀ o. Igi kúkúrú kan ló bò ó. Bí ibi tí èèyàn wà bá ṣe jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé tó, bẹ́ẹ̀ ni ìràwọ̀ yẹn ṣe máa ń ga tó. Ní London, ó ga ní díígírì 51, ó ju ìdajì ọ̀nà lọ sí àtàrí. Ní Ìbàdàn níbí, díígírì 7 àti díẹ̀ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ na ọwọ́ yín síwájú báyìí, kí ẹ di ẹ̀ṣẹ́. Ẹ nà án tán, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn. Ìbú ẹ̀ṣẹ́ yín yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó díígírì 10. Polaris tiwa kò ga tó ẹ̀ṣẹ́ kan kúrò nílẹ̀. Òrùlé páànù lè bò ó, èéfín igbó tí wọ́n ń sun lè bò ó, kùrukùru lásán lè gbé e mì.

Ohun tí mo wá sọ kò ju ìyẹn lọ. Ẹni tó kọ ìwé tí à ń kà kò purọ́. Ojú ọ̀run tó wà lórí tirẹ̀ ló kọ. Tiwa yàtọ̀, ó sì láwọn ohun tí òun ì bá fi owó ńlá wá.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́. Àwọn òyìnbó onífọ́tò máa ń sọ̀rọ̀ nípa golden hour, wákàtí tí ìmọ́lẹ̀ oòrùn máa ń pọ́n bí epo tuntun. Nílẹ̀ tiwọn, oòrùn máa ń yọ̀ wọlé ní ìdàgẹ̀rẹ̀ ni, bí ẹni tí kò fẹ́ lọ sílé. Níbí, òòró ló ń já wálẹ̀. Láti ìgbà tó bá ku díígírì 6 kó kan ilẹ̀ títí tó fi máa wọ̀, nǹkan bí ìṣẹ́jú 25 ni, wákàtí ti parí. Ẹni tó bá dé orí Olúmọ láago mẹ́fà ààbọ̀ tó tún ń wá ibi tí yóò gbé kámẹ́rà sí, tó tún ń kí èèyàn, òkùnkùn ni yóò yà. Mo ti bá onírúurú èèyàn bẹ́ẹ̀ pàdé lọ́nà, èmi ń bọ̀, àwọn ń gòkè. Ẹ dé ibẹ̀ láago márùn-ún. Ẹ ti mọ ibi tí ẹsẹ̀ tripod yín, irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí kámẹ́rà ń dúró lé, máa dúró kí ìmọ́lẹ̀ tó dáa tó dé.

Ìyára yìí kan náà ni èrè wa. Bí oòrùn bá ti wọ̀, wákàtí kan àti ìṣẹ́jú bíi 12 péré ni òkùnkùn gidi fi máa dé, ní gbogbo ọdún. Ní London, láàárín ìparí oṣù Karùn-ún sí oṣù Keje, òkùnkùn gidi kì í tiẹ̀ dé rárá. Nǹkan bí oṣù méjì ni àwọn tó ń ya ìràwọ̀ níbẹ̀ fi ń káwọ́ gbera. Àwa ní òru tó gùn ní oṣù méjìlá. Ìkùukùu ló ń bà á jẹ́ fún wa, a máa sọ ìyẹn náà.

Òfin kejì tó kọ́kọ́ ṣì mí lọ́nà ni èyí tí wọ́n ń pè ní òfin 500. Ayé ń yí, torí náà bí kámẹ́rà bá lajú pẹ́ jù, ìràwọ̀ á di ìlà dípò kó jẹ́ àmì tó-tò-tó. Òfin náà ní: fi gígùn lẹ́ǹsì rẹ pín 500, èsì tó bá jáde ni iye ìṣẹ́jú àáyá tí o lè fi la ojú kámẹ́rà. Lẹ́ǹsì mílímítà 18 tó bá kámẹ́rà tòkunbọ̀ wá, lórí àwọn kámẹ́rà tí ojú inú wọn kéré, a ó kọ́kọ́ sọ ọ́ di 27 nípa fífi 1.5 sọ ọ́ di púpọ̀, ká tó pín. Èsì rẹ̀ á jẹ́ bíi 18. Mo lo 18. Ìràwọ̀ mi gùn bí ìrẹsì.

Ìdí rẹ̀ rèé. Ìràwọ̀ tó wà nítòsí Polaris kì í fi bẹ́ẹ̀ rìn. Ó kàn ń yí lójú kan. Àwọn tó jìnnà sí i jù, tó wà lórí ìlà agbedeméjì ojú ọ̀run, ni ń sáré jù. Ìlà yẹn gba ibo kọjá níbí? Àtàrí wa ni, ó fi díẹ̀ yẹ̀ sí gúúsù. Ojú ọ̀run tiwa kún fún àwọn asáré. Èmi kì í kọjá ìṣẹ́jú àáyá 12 mọ́ lórí lẹ́ǹsì 18, bí mo bá sì fẹ́ tẹ fọ́tò náà tóbi, 10 ni mo ń lò. Ojú lẹ́ǹsì á ṣí dé ibi tó lè ṣí dé, ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ sára tó, á wà ní 3200, mo sì máa fi ọwọ́ ara mi tún ojú rẹ̀ ṣe lórí ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ jù, nítorí kámẹ́rà kì í ríran lókùnkùn tó fi máa dá a ṣe.

Tí ẹ bá wá fẹ́ kí ìràwọ̀ di ìlà, tí ẹ mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ ẹ, ẹ fi Polaris sílẹ̀. Ẹ kọjú sí ìlà-oòrùn. Níbí, ìràwọ̀ ń dìde ní òòró gangan. Ẹ ya 200 fọ́tò tẹ̀léra wọn, ẹ kó wọn lé ara wọn lórí kọ̀ǹpútà. Àwọn ìlà àárín á gùn tọ́ọ́rọ́ lọ sókè, ti apá òsì á tẹ̀ sí òsì, ti ọ̀tún á tẹ̀ sí ọ̀tún. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, òwú tí àwọn aláṣọ òfì Ìsẹ́yìn na sílẹ̀ ló wá sí mi lọ́kàn. Ẹni tó ń gbé ní Jámánì lè ya ìlà-oòrùn títí, ìdàgẹ̀rẹ̀ ni tirẹ̀ máa jẹ́.

Òṣùpá ńkọ́? Àwọn àgbà ní oṣù lé, wọ́n ní kò gún. Kí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó o lọ tún un ṣe. Mo fẹ́ràn òwe yẹn nítorí pé lójú onífọ́tò, òótọ́ pọ́ńbélé ni: oṣù tiwa kì í gún bíi ti ìwé. Nínú ìwé ọmọdé tó ti òkèèrè wá, oṣù tuntun máa ń dúró bí lẹ́tà C tí wọ́n yí padà. Lókè wa, ẹ̀yìn ló fi ń lélẹ̀, ìwo rẹ̀ méjèèjì kọjú sókè, bí ọkọ̀ ojú omi. Ó lè fi ẹ̀gbẹ́ kan rọ̀ díẹ̀ láti oṣù dé oṣù, ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà ni. Mo ti rí àwọn ọmọ wa tó yà á dáadáa tán, tí wọ́n tún fi kọ̀ǹpútà yí i kó lè "dúró dáadáa". Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lórí òṣùpá kì í ṣe èyí o. Àwọn èèyàn gbà pé òru ni, torí náà wọ́n ń la ojú kámẹ́rà pẹ́, fọ́tò náà á sì wá di bọ́ọ̀lù funfun báláú. Oòrùn ló ń ràn sí òṣùpá lára! Òkúta tó wà nínú oòrùn ọ̀sán ni ẹ̀ ń yà. Bí ó bá kún, ẹ lo ISO 100, ojú lẹ́ǹsì f/11, ìdá kan nínú 100 ìṣẹ́jú àáyá, àwọn àmì ara rẹ̀ á hàn.

Ìgbà wo ni ká jáde? Ibí ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dun èèyàn. Ibi tí ìràwọ̀ pọ̀ sí jù nínú Milky Way, ọ̀wọ́ ìràwọ̀ tó nà bí èéfín funfun la ojú ọ̀run kọjá, máa ń ga ní nǹkan bí díígírì 53 lórí wa. Ní London, 9 àti ààbọ̀ ni. Ẹ rántí ẹ̀ṣẹ́ yín: Polaris tiwa kò tó ẹ̀ṣẹ́ kan, àárín Milky Way tiwọn náà kò tó o. Olódùmarè pín in. Ṣùgbọ́n ìgbà tó máa ń wà lókè lálẹ́ ni oṣù Kẹfà sí Ìkẹjọ, ìgbà òjò. Àwọn kan á ní ká dúró de ìsinmi òjò inú oṣù Kẹjọ. Mo ti dúró dè é. Òjò á dáwọ́ dúró, ìkùukùu kò ní tìtorí ìyẹn kúrò.

Ọyẹ́ ńkọ́? Láti oṣù Kejìlá sí Kejì, kò sí ìkùukùu, ṣùgbọ́n eruku Sàhárà ti gba gbogbo ojú ọ̀run, ìràwọ̀ ìsàlẹ̀ kò ní hàn rárá, ti òkè nìkan ló ń yọjú. Eruku náà á tún wọ inú kámẹ́rà yín bí ẹ bá pààrọ̀ lẹ́ǹsì níta. Èmi ti yan ìgbà tèmi: lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́ tàbí ìkejì, ní ìparí oṣù Kẹta sí oṣù Kẹrin, nígbà tí òjò ti fọ eruku kúrò tí ìkùukùu kò tíì sọ ilé di tirẹ̀. Láago mẹ́ta òru sí márùn-ún ìdájí, àárín Milky Way ti gòkè ní gúúsù. Ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan ń fi ìṣẹ́jú mẹ́rin yá ju ti àná lọ lójoojúmọ́, ìyẹn wákàtí méjì lóṣù, torí náà ẹni tó bá mọ ibi tí nǹkan wà lónìí lè ṣírò ti oṣù tó ń bọ̀ lórí ìka. Stellarium, ètò kọ̀ǹpútà tó ń fi ojú ọ̀run hàn, á bá yín ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ bí ìka bá sú yín.

Mo ṣèlérí pé mo máa sọ ohun tí àwọn yòókù ì bá fowó ńlá wá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún, láàárín aago 10 sí 11 alẹ́, bí ìkùukùu bá gbà, ẹ dúró sí gbangba, ẹ kọjú sí gúúsù. Ìràwọ̀ mẹ́rin tó ṣe bí àgbélébùú á dúró ṣánṣán níbẹ̀: Southern Cross nìyẹn, tó wà lára àsíá Ọsirélíà. Ẹ yí padà sí àríwá láìkúrò lójú kan. Ìràwọ̀ méje tí wọ́n ń pè ní Big Dipper, tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń wá Polaris, ń rọ̀ níbẹ̀ ní ìdojúdé bí igbá tí wọ́n da omi inú rẹ̀ nù. Méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó wà ní London kò lè rí ti gúúsù láéláé láti ilé rẹ̀. Ẹni tó wà ní Melbourne kò lè rí ìràwọ̀ méje yẹn pé.

Ìmọ́lẹ̀ ìlú ni ọ̀tá wa tó kù. Ní ọdún 2001, awòràwọ̀ kan tí kì í ṣe oníṣẹ́ rẹ̀, John Bortle ará Amẹ́ríkà, to òkùnkùn ojú ọ̀run sí ipele mẹ́sàn-án, 1 ló ṣókùnkùn jù. Ní Ìkẹjà, ẹ lè ka ìràwọ̀ tán kí ìrẹsì tó jinná. Ọ̀rẹ́ mi kan ní NEPA ni olùrànlọ́wọ́ wa, pé tí wọ́n bá ti mú iná lọ, ọ̀run á ṣí. Ó gbàgbé jẹnẹrétọ̀. Láti orí Adó-Àwáyè, mo máa ń rí iná Ìbàdàn ní gúúsù ìlà-oòrùn bí ìgbà tí ojúmọ́ fẹ́ mọ́, torí náà mo ń fi kámẹ́rà mi sí ibòmíràn, tàbí kí n jẹ́ kí àpáta kan dí i.

Àpáta yẹn ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ìràwọ̀ nìkan kì í ṣe fọ́tò. Gbogbo ayé ló ní ìràwọ̀. Ohun tó wà nísàlẹ̀ ló ń sọ pé ibí ni. Ní Ìdànrè, lẹ́yìn àtẹ̀gùn tó lé ní 600, àwọn òkúta ńláńlá wà tó yí po bí èèyàn tó jókòó sí ìpàdé, pẹ̀lú àwókù ìlú tí àwọn baba wọn fi sílẹ̀ lókè kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀. Mo lọ síbẹ̀ nígbà tí òṣùpá kò ní ju ìdajì lọ. Òun ló tan iná sí òkúta fún mi, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ rọra dé ibi tí tọ́ọ̀ṣì ì bá gbá lójú. Èyí tún lòdì sí ìwé. Ìwé ní kí a sá fún òṣùpá. Bí ẹ bá fẹ́ Milky Way, ẹ sá fún un lóòótọ́. Bí ẹ bá fẹ́ ilẹ̀, ẹ pè é.

Kí ẹ tó lọ, ẹ lọ rí àwọn ará ibẹ̀ ní ọ̀sán. Ẹ kí wọn, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe, ẹ fi fọ́tò tí ẹ ti yà tẹ́lẹ̀ hàn wọ́n, ẹ gba ọdẹ kan. Àjèjì mẹ́ta tó wọ aṣọ dúdú, tó gbé irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, tó ń rìn kiri lórí òkè mímọ́ lóru: bí ẹ̀yin bá jẹ́ ọmọ abúlé náà, kí lẹ máa rò? Nígbà kan, a wà létí ọ̀nà, kì í ṣe orí òkè, a kò sọ fẹ́nì kankan. Ìwárìrì tó mú mi lọ́jọ́ náà kò jẹ́ kí n tún gbìyànjú rẹ̀. Ẹ fi ọ̀rá pupa bo tọ́ọ̀ṣì yín, nítorí ojú ń gba bí ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó tó mọ́ òkùnkùn lára, iná funfun ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sì ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Ẹ̀yin onífóònù, mo ti dé. Fóònù yín kéré lójú, kò lè kó ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kí ó kó o díẹ̀díẹ̀. Ẹ gbé e ti bíríkì, ẹ lo Pro mode, níbi tí ẹ ti lè fi ọwọ́ ara yín tún un ṣe, ẹ ya fọ́tò 16 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 8, ẹ jẹ́ kí Siril tàbí DeepSkyStacker, àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí kò gba kọ́bọ̀, pa wọ́n pọ̀. Ìwúrúwúrú inú rẹ̀ á dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Bí ó bá jẹ́ 64, á dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́jọ. Sùúrù ni ẹ fi ń ra lẹ́ǹsì.

Kí ẹ má rò pé ọmọdé ni à ń ṣe nítorí pé a kì í ṣe oníṣẹ́ rẹ̀, ẹ gbọ́ nípa àwọn kan. Andrew Common, ẹnjiníà ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó ìlú, gbé awò ńlá kan tí wọ́n fi ń wo ìràwọ̀ sí ọgbà ilé rẹ̀ ní Ealing, London. Ní 1883 ó ya ìkùukùu iná tó wà nínú Orion, àkójọ ìràwọ̀ kan, fọ́tò náà sì fi àwọn ìràwọ̀ hàn tí ojú kò lè rí nínú awò náà fúnra rẹ̀. Ìkùukùu iná yẹn kì í ga ju díígírì 33 lọ níbẹ̀. Níbí, ó ń gba nǹkan bí 77, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba àtàrí. Isaac Roberts, tó fi iṣẹ́ ilé kíkọ́ là, ya Andromeda, ọ̀wọ́ ìràwọ̀ ńlá mìíràn bíi Milky Way, ní 1888, òun ló sì fi hàn bó ṣe lọ́ bí ìkarahun ìgbín. Ẹni tí mo fẹ́ràn jù ni Edward Barnard, ọmọ òtòṣì ní Nashville. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí wọ́n fi í sẹ́nu iṣẹ́ nílé fọ́tò, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó máa yí ẹ̀rọ ńlá kan tó ń sọ fọ́tò di títóbi, kó lè máa kọjú sí oòrùn látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ọmọ tó ń fi ọwọ́ tọ oòrùn kiri ló wá di gbajúmọ̀ nínú yíya Milky Way ní ìgbà ayé rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ ní ọmọṣẹ́ lórí ilẹ̀ yìí, ẹ gbọ́.

Nígbà tí mo parí ọ̀rọ̀ mi yìí, àwọn kan béèrè iye kámẹ́rà. Màmá kan tó jókòó níwájú, tó bá ọmọ ọmọ rẹ̀ wá, ní òun kò ní ìbéèrè, pé baba òun jẹ́ apẹja, pé ṣé mo ti ya ìràwọ̀ ọkọ̀ rí. Inú mi dùn débi pé mo pàdánù ọ̀rọ̀. Ìràwọ̀ ọkọ̀ ni Sirius, èyí tó mọ́lẹ̀ jù nínú gbogbo ìràwọ̀ òru, tí àwọn ọlọ́kọ̀ wa fi ń mọ ọ̀nà. Mo ní mo ti yà á, Màmá, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ pé òun ni. Ní àárín oṣù Kejì, láago mẹ́wàá alẹ́, ó máa ń wà lókè réré, ó yẹ̀ sí gúúsù díẹ̀, kódà eruku ọyẹ́ kì í bò ó. Àgùàlà ńkọ́, ó tún bi mí, ṣé ajá òṣùpá ni lóòótọ́? Mo ní rárá, Màmá, ayé mìíràn ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ yà á fún mi wá, kí n rí i bóyá ó ní ìrù."